Máṣíìnì Lédíìsì: Ẹsẹ̀ Òsì Ni Gbogbo Ọgbọ́n Rẹ̀ Wà

Alùpùpù kékeré tí èèyàn ń gba àárín rẹ̀ kọjá kó tó jókòó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí lédíìsì, kò le láti gùn. Àṣìlò ló ń tètè bà á jẹ́. Honda Super Cub tó jáde ní Japan lọ́dún 1958 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ: táńkì wà lábẹ́ ìjókòó, táyà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnì mọ́ jíà, tó sì ń tú u) tí ọwọ́ òsì máa fún.

Kílọ́ọ̀ṣì wà o, inú ẹ́ńjìnì ló wà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń sáré, á dì mú. Bó bá rọlẹ̀, á tú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi lè dúró pẹ̀lú jíà kìíní láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì kú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ iwájú pẹ́dàlì jíà láti gbé jíà sókè, gìgísẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbé e wálẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti tú nìyẹn. Ìgbà tí o bá gbé ẹsẹ̀ ló tó padà dì. Nítorí náà, dẹ iná tí ọwọ́ ọ̀tún ń yí, tẹ pẹ́dàlì, gbé ẹsẹ̀, kí o tó fún un níná padà. Bí o bá ń gbé jíà wálẹ̀, má tíì gbé ẹsẹ̀: fún un níná díẹ̀ ná. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà ọ́ ṣìkì, táyà ẹ̀yìn sì lè yọ̀ lójú títì tó tutù.

Tí ẹ́ńjìnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí máṣíìnì kò lọ, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Kọ́kọ́ wo ọ́ìlì. Inú ọ́ìlì yẹn gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò lè mú kó máa yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, ìyẹn àmì ọ́ìlì alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, ni kí o rà. Bí ọ́ìlì bá dáa, wo ìdérí ẹ́ńjìnì lápá ọ̀tún: lórí àwọn tó bá irú Cub mu, nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí sukúrúù wà láàárín rẹ̀. Tú nọ́ọ̀tì náà. Yí sukúrúù sọ́wọ́ ọ̀tún ní odindi yíyí kan, dá a padà sósì títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀, kí o wá yí i sọ́tùn-ún ní ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí kan péré. Fi sukudíráfà di sukúrúù náà mú bí o ṣe ń fi sípánà de nọ́ọ̀tì, torí ibẹ̀ gan-an ló ti sábà máa ń bá nọ́ọ̀tì yí.

Ṣéènì inú àpótí rẹ̀ rọrùn láti gbàgbé. Máa ṣí ojú rẹ̀ wò.

Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì kékeré yìí kì í sábà tó lítà kan, díẹ̀ tó bá sì jó lọ ti tó láti kàn án. Wò ó lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí máṣíìnì nàró. Nu ọ̀pá ìwọ̀n, tì í bọ ihò láìdè é, kí o tó yọ ọ́ wò.