Bí mo ṣe ṣe ẹ̀rọ tó ń ti okùn wọ inú etí ní jẹ́jẹ́

Ihò kan wà nínú egungun etí wa tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó yí po tó ìgbà méjì àbọ̀. Inú rẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ máa ń ti okùn rírọ̀ tó ń gbé iná wọ̀, kí adití lè gbọ́ràn. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà okùn náà. Bí okùn bá ya á, ìwọ̀nba tí ẹni náà ṣì ń gbọ́ lè lọ pátápátá. Ìró ìsàlẹ̀ ni ìwọ̀nba yẹn sábà máa ń jẹ́, òun ló sì máa ń ranni lọ́wọ́ láti mọ ohùn orí ọ̀rọ̀: igbá, igba, ìgbà. Okùn iná kì í gbé ìyẹn dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi mú iṣẹ́ náà ní ọ̀kúnkúndùn nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ọwọ́ èèyàn kì í lè rọra rìn títí láìdúró. Á dúró, á tún ṣí, omi inú etí á sì mì. Ẹ̀rọ tèmi ń rin mìlímítà 0.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn mìlímítà 25 gba ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀.

Mo fi réésìn, ìyẹn irú ike kan tó mọ́ gaara, ṣe ihò etí, mo rọ omi ọṣẹ sí i kó lè máa yọ̀, mo sì gbé e lé òṣùwọ̀n kí n lè mọ bí okùn ṣe ń tì í lágbára tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n ò fi nǹkan kan hàn. Àfìgbà tí mo tẹjú mọ́ réésìn náà ni mo rí i pé orí okùn ti ká padà sẹ́yìn bí ìwọ̀ ìpẹja. Bí mo ṣe dá ẹnu ọ̀pá oníhò tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ló fà á: ògiri ihò etí ló kọjú sí. Mo tún un dá, okùn sì wọlé.

Dókítà kan wá wò ó. Ó ní, “Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa mú ọ̀pá yìí kúrò?” Mi ò rí èsì fọ̀. Bó bá fa ọ̀pá, okùn á tẹ̀ lé e jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi la ọ̀pá náà sí méjì lóòró, kó lè máa ṣí bí obì.

Nígbà tí dókítà padà wá, mo ti fi báírò dúdú sàmì sára okùn lẹ́nu ihò. Ó ṣí ọ̀pá, ó gbé e kúrò. Àmì náà ṣì wà lẹ́nu ihò gan-an.