Bí a ṣe ń bá àgbàlagbà ṣe ìjókòó ìfarabalẹ̀

Ẹni tó bá ti bá àgbàlagbà gbé á mọ̀ ọ́n. Aago méjì òru, Màmá ti jí, wọ́n ń ro ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tí kò pè láti ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oúnjẹ ò ní wù wọ́n jẹ, wọn ò sì ní rántí ibi tí wọ́n fi gíláàsì ojú wọn sí. Àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìgbàgbé sábà máa ń rìn pọ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ìjókòó ìfarabalẹ̀, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mindfulness, kò ju pé kéèyàn jókòó, kó fi ọkàn sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kó má sì bá ọkàn rẹ̀ jà.

"Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́sìn àwọn ará Íńdíà?" Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8. Màmá mi máa ń gbàdúrà wọn tán ká tó jókòó. Bàbá tó bá ń fa tẹ̀sùbáà ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ rí dókítà. Oògùn tí wọ́n ń lò, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àìtó fítámì B12, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ lè fa ìgbàgbé. Tí àgbàlagbà bá ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ kátikàti láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn ni kíá. Kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni tí wọ́n bá ń sọ pé ayé ti sú àwọn. UCH Ìbàdàn ní ibi ìtọ́jú tó wà fún àgbàlagbà nìkan láti 2012. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ìjókòó já oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ o.

Ohun èlò ò pọ̀. Àga onígbọ̀wọ́ ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹní tí wọ́n máa ń gbé sínú fọ́tò. Tí ẹsẹ̀ ò bá kan ilẹ̀, ẹ ti àpótí kékeré sábẹ́ ẹ̀. Láti mọ̀ pé àkókò ti tó, ẹ má lo álááàmù fóònù, àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á já. Àwọn kan máa ń fowó ra áàpù tó ń dún bí agogo. Èmi kàn ń fi ṣíbí kan ife tíì lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn oúnjẹ àárọ̀ ló dára jù, kí ará ilé kejì tó tan jẹnẹrétọ̀.

Jíjókòó ò le: ẹ̀yìn fara ti àga, àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ wà lórí itan. Mi ò ní kí wọ́n dijú. Oorun ló máa ń gbé àwọn kan lọ. Àwọn mìíràn, ohun tí wọ́n ti rí láyé ló máa ń bá wọn nínú òkùnkùn yẹn. Bàbá kan ládùúgbò wa, tó ja ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, dijú fún ìṣẹ́jú méjì péré, òógùn ti bò ó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá jókòó lọ́dọ̀ mi, etí kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò.

Mímí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń lù tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá ní kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀, á rò pé òun fẹ́ kú ni. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe tutù lára àtẹ́lẹsẹ̀ yín?" Láti ibẹ̀, ẹ gòkè lọ sí orúnkún, dé ọwọ́. Ìṣẹ́jú 5 ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó di 10 lẹ́yìn náà. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí n tó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn, kí wọ́n fi mọ mímí.

Ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn tó ń bà á jẹ́ jù la dé yìí. Ọkàn á kúrò lórí ẹsẹ̀, dandan ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kan ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ má ronú nǹkan kan mọ́!" Ìyá yẹn gbìyànjú, kò ṣeé ṣe, ló bá bú sẹ́kún: "Kò sóhun tí mo tún mọ̀ ọ́n ṣe mọ́." Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú, wọ́n tún wá fún un ní ohun mìíràn tí kò lè ṣe. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọkàn di òfìfo. Kí wọ́n máa padà ni iṣẹ́ náà, kódà bí wọ́n bá padà nígbà ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí adìẹ tó ṣáko ni ọkàn rí. Ẹni tó bá fi ìgbálẹ̀ lé e, ilé kẹta ló máa bá a. Ẹni tó bá fọ́n àgbàdo sílẹ̀, á padà wá fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fi ń fọ́n àgbàdo. Tí mo bá rí i pé ojú Màmá ti lọ jìnnà, mo máa ń ní, "Ìrònú ni." Ó pẹ́ díẹ̀, mo ní, "Ẹsẹ̀." Ó parí. Mi ò ní bi wọ́n ohun tí wọ́n ń rò.

Ẹ má bá ìrònú náà jiyàn. Tí ẹ bá ti ní, "Ọmọ yín wà ní àlàáfíà, kí lẹ tún ń rò sí?", ìjókòó ti tú, ìtàkùrọ̀sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ di ìdánwò: "Kí ni mo ní kẹ́ ẹ fọkàn sí lẹ́ẹ̀kan?" Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ń gbàgbé á túbọ̀ gbàgbé. Tí omijé bá dé, ẹ fún wọn ní áńkáṣíìfù, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí ojú wọn ń rí nínú yàrá, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dìde pẹ̀lú ìdààmú ju bí wọ́n ṣe jókòó lọ, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà.

Ẹni tí ìjókòó sú lè fi oúnjẹ ṣe é. Àwọn òyìnbó ń lo èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan. Èmi ń lo àgbálùmọ̀ lásìkò rẹ̀: kí wọ́n fọwọ́ pa èèpo, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n mọ ìgbà tí oje rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹ bá wọn yọ kóró rẹ̀ kó má há wọn lọ́fun. Láìsí àgbálùmọ̀, ẹ gbé abọ́ ẹ̀wà fún wọn kí wọ́n máa ṣà á. Ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ẹ sì máa rí ẹ̀wà sè.

Ìjókòó yìí kì í ṣe oògùn arán o, ìyẹn àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó tí wọ́n ń pè ní dementia. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, lórí àgbàlagbà 103 tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà tí iyè wọn sì ń ra, rí i pé àníyàn dín kù, iyè sì jí díẹ̀, ju ti àwọn tó kàn gba ẹ̀kọ́ ìlera lọ. Àmọ́ ní 2022, wọ́n dán an wò lára 585 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 sí 84, tí wọ́n ń ráhùn ìgbàgbé ṣùgbọ́n tí arán ò ṣe. Lẹ́yìn oṣù 6, iyè àwọn tó ṣe ìjókòó náà ò jí ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Bó ṣe yé èmi ni pé ẹni tó jẹ́ pé àníyàn ló ń jẹ iyè rẹ̀ ló máa jèrè níbẹ̀.

Dídìde ló kù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì lè kọ́ ọ tó bá ṣàdédé nàró. Kí wọ́n ta ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sún síwájú àga, kí wọ́n di apá àga mú, kí wọ́n ka oókan dé ogún. Tí Màmá bá ti dúró dáadáa, mo máa ń tan rédíò wọn padà.