Bí Mo Ṣe Ta Ìkòkò Tùràrí Lórí Fóònù Ṣáájú Ààwẹ̀

Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ ra ìkòkò rí mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Oníbàárà á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi oríkèé ìka kàn án lára, á sì tẹ́tí. Bó bá dún gooro, ó jinná, kò sì sán níbì kankan. Bí ohùn rẹ̀ bá há, kò ní bá ọ jiyàn, á kàn dá a padà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á mú òmíràn. Wàhálà ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Oníbàárà wà ní Lẹ́kí, ìkòkò wà ní Ìlọrin, kò sì sí ìka tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń múra ọjà Ràmàdáànì 2025, ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí: báwo ni ẹni tí kò lè kan ìkòkò mi ṣe máa gbà pé ó jinná?

Ẹbu Dàdà, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele, Ìlọrin, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Obìnrin ló ni iṣẹ́ ìkòkò níbẹ̀, ìyá ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àmù, orù, ìṣaasùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń mọ. Ìkòkò tùràrí ni èmi yàn láti gbé sórí Instagram, nítorí pé ó kéré, ó ṣeé gbé rìn, ìgbà ààwẹ̀ àti ìgbà ìgbéyàwó sì ni àwọn èèyàn máa ń wá a. Lóòótọ́, èyí tó ń lo iná mànàmáná ti kún ìgboro, ṣùgbọ́n iná tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹyin iná èédú kì í béèrè yúníìtì.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ìyẹn ni pé inú ọyẹ́ gan-an ni mo ní láti mọ wọn. A rẹ amọ̀, a ṣa òkúta àti gbòǹgbò ara rẹ̀ kúrò, a wá gún àpáàdì pọ̀ mọ́ ọn, àpáàdì tí a ti lọ̀ kúnná. Àwọn kan ń lo iyanrìn. Èyí tó wù kó jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ṣí ara amọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ tó bá dán jù máa ń sán nígbà tó bá ń gbẹ. Ní Ìlọrin, orí ìdí ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ dé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó fọ́n eérú sí i lára kó má baà lẹ̀, a ó tẹ́ amọ̀ lé e lórí, a ó máa lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí i po. Tó bá ti le díẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó gbé e sínú àpáàdì tó jin, a ó wá máa fi okùn amọ̀ kọ́ èjìká àti ẹnu rẹ̀ lé e lórí. Ìkòkò tùràrí ní ohun méjì tí ìkòkò ọbẹ̀ kò ní: ẹsẹ̀ tó ga, kí ooru má baà ba tábìlì jẹ́, àti àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé sí ẹyin iná. Tí ihò bá kéré jù, èédú á kú. Tó bá tóbi jù, tùràrí á jóná kó tó rùn.

Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kò lọ́jọ́ orí. Àgbàdo tí a ti yọ hóró ara rẹ̀ tán ni mo ń mú, mo ń yí i lára ìkòkò tútù, yípo kan láìgbọ́wọ́ kúrò. Àmì hóró tó ti kúrò yẹn á wá tò sára amọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kéékèèké, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀. Tó bá wúwo níbì kan, ojú àmì á jìn níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì máa rí i nínú fọ́tò.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó kọjú sí afẹ́fẹ́ á ti gbẹ, èyí tó kẹ̀yìn sí i ṣì tutù, ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ikùn ló sì máa ń là. Inú yàrá tí mo ti fèrèsé rẹ̀ ni mo tò wọ́n sí, mo fi àpò ìrẹsì tí mo ti rẹ bò wọ́n, mo sì ń yí wọn padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ yà wá wò mí, ó gbé ọ̀kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, èyí ṣì tutù nínú o. Má tíì gbé e dé ìdí iná.” Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: amọ̀ tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń tutù sí ara ju èyí tó ti gbẹ lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe àsọdùn. Tí iná bá ká omi mọ́ inú amọ̀, ní nǹkan bí 100°C omi á di ooru, á wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bú gbàmù.

A kọ́kọ́ fi èéfín yá wọn lára, lẹ́yìn náà ni a to igi sí wọn lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, a fi koríko gbígbẹ bò ó. Nígbà tí iná bá kọjá nǹkan bí 600°C, amọ̀ kò tún lè padà di ẹrẹ̀ mọ́, bí o rẹ ẹ́ sínú omi lọ́dún kan. Bí a bá sì ti ń fi igi gígùn yọ wọn jáde, tí wọ́n ṣì ń pọ́n bí iná, ni a ń wọ́n omi èèpo èso igi irú tí a ti sè sí wọn lára. Ó ń hó ṣàà, ìkòkò pupa á sì di aláwọ̀ ilẹ̀ dúdú tó ń dán. Omi yìí ń dí ojú ihò kéékèèké ara amọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kò gba àkókò: ẹnu ọ̀nà, oòrùn àárọ̀, aṣọ tí kò ní àwòrán. Ohun tí mo fi han bí ìkòkò ṣe tóbi tó ni náírà ogún tí mo gbé tì í. Ẹ̀yìn owó náà ni àwòrán Ladi Kwali wà, obìnrin Gwari tó ń mọ ìkòkò, tó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ọdún 1984 ló kú. A ń ná an lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń ná. Oníbàárà mélòó kan tilẹ̀ bi mí bóyá ìyá mi ni.

Ohùn ni mo fi ọ̀pọ̀ àkókò sí. Mo pa fáànù, mo dúró títí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi dákẹ́, mo gbé fóònù lé orí tówẹ́ẹ̀lì kó má baà gbọ̀n, mo wá fi oríkèé ìka kan ìkòkò kọ̀ọ̀kan, lẹ́nu, níkùn, lẹ́sẹ̀. Fídíò ìkòkò tó o máa gbà gan-an ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ, kì í ṣe ti ìkòkò kan tó dára jù tí mo ń fi tan gbogbo ayé. Èyí tí ohùn rẹ̀ há kò dé orí Instagram rárá. Mo gún un fún àpáàdì. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè “ṣé kò ní fọ́?” ti dínkù. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí ni, “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èló ni jálẹ̀?”

Mo kọ iye owó síta gbangba. Mi ò fẹ́ràn “ẹ wá sí inbox” yẹn, ó ń mú kí oníbàárà rò pé o fẹ́ wo ojú rẹ̀ kó o tó dá iye lé e. Ìyá kan kọ̀wé pé òun lè rí i ní ìdajì owó yẹn ní ọjà. Mo dáhùn pé òótọ́ ni, mà, tí ẹ bá wà ní Ìlọrin, ẹ lọ rà á níbẹ̀, ẹ sì bá mi kí àwọn ìyá. Mi ò rí ìdí tí màá fi jiyàn. Owó tèmi ní igi nínú, ó ní àwọn tó sán nínú iná, ó ní páálí àti wákàtí tí mo fi dì í. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra méjì.

Dídì wá nìyí. Ìwé ìròyìn tí a rún kún inú ìkòkò lákọ̀ọ́kọ́, nítorí inú ló máa ń fọ́ sí. Mo fi aṣọ àkísà wé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sínú páálí kékeré, páálí kékeré sínú ńlá, ìfá pákó tí mo gbà lọ́dọ̀ káfíńtà kún àárín wọn. Lẹ́yìn náà mo gbọ̀n ọ́n. Bí mo bá gbọ́ nǹkan kan, mo tú u, mo tún un dì. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan gbé àpò èlùbọ́ lé ọ̀kan lórí, wọ́n ní àwọn kì í san owó ohun tó lè fọ́. Mo fi òmíràn ránṣẹ́, mo sì ń lo ẹlòmíràn báyìí.

Ti òkè òkun ní ìṣirò tirẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù kì í wo ìwúwo nìkan: wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi 5,000 pín in. Páálí tó jẹ́ 40 níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di kílò 12.8, bí ìkòkò inú rẹ̀ ò tilẹ̀ ju kílò méjì lọ. Nítorí náà mo mọ oríṣi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú fún àwọn ará London, kó lè wọ páálí tó kéré. Ẹ tún rántí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM: ìwé wọn ló ń fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ tuntun ni ohun tó o fẹ́ kó jáde, kì í ṣe ohun àtijọ́ tí òfin ní kó má kúrò nílùú. Ìkòkò tí omi èèpo igi irú ti sọ di dúdú lè dà bí ohun ọgọ́rùn-ún ọdún lójú aṣọ́bodè.

Ìkòkò tùràrí tán kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì. Ìṣaasùn kékeré tí mo kó tẹ̀ lé e kò yá bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé iná gáàsì á là á. Fídíò rẹ̀ ni mò ń yà lọ́wọ́ báyìí: bí a ṣe ń se omi èkọ nínú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lórí iná kékeré, kó tó rí ọbẹ̀.