Bí A Ṣe Ń Kọ Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Àdúgbò Sílẹ̀ Kí A Tó Jókòó Jiyàn Lé E Lórí

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n bá gbá ní ìlú London ní ọjọ́ Sátidé kì í sọnù. Kámẹ́rà ti yí pápá ká, bí ẹni méjì bá sì ń jiyàn nípa pẹnáritì kan ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Sábó, ẹnì kẹta á fa fóònù yọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ti orí pápá wa ní Ìkòròdú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìkẹyìn ní Ìgbógbó tàbí ní Ìmọ̀ta, ohun tó kù nínú eré náà kò ju ohun tí àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bá rántí lọ, ìrántí wa sì ti máa ń yàtọ̀ síra kí a tó délé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iṣẹ́ kìíní tí alátìlẹyìn lè ṣe fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò rẹ̀ ni pé kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, bí a sì ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹgbẹ́ Ikorodu United wọ líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2016, sáà kan ṣoṣo ló sì lò níbẹ̀ kí ó tó já wálẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa pé kí wọ́n dárúkọ àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ní sáà náà, n kò sì tíì rí ẹni tó dárúkọ ju mẹ́rin lọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa ṣì ń sọ ìtàn Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó borí Tonnerre ti Yaoundé ní 1976 láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Cup Winners' Cup, nítorí pé àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ta ni ó ń kọ tiwa?

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan tí kò tóbi ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé dúró lọ, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, nítorí pé bíírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tí òjò ti pa. Ẹ fi ọ̀rá bo ìwé náà. Ẹ dé pápá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú eré, kí ẹ lè kọ ọjọ́ náà, orúkọ pápá, orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, bí ojú ọjọ́ ti rí, àti ipò tí ilẹ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí pé aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ lórí pápá tí omi dúró sí kò ṣe àṣìṣe kan náà pẹ̀lú èyí tó yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló máa ń ṣòro jù. Ẹ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ara, kì í ṣe lẹ́yìn náà, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì wí fún un pé: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kọ wọ́n sílẹ̀ fún ìtàn ẹgbẹ́ yín ni.” Mi ò tíì rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni inú wọn sì dùn pé ẹnì kan béèrè. Bí aṣọ wọn kò bá ní nọ́ńbà, bó ṣe máa ń rí nínú ìdíje àwọn ọmọdé, ẹ kọ àmì tí ẹ ó fi dá ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ẹni tó fi báńdéèjì wé orúnkún, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú tí rẹfirí fọn fèrè, nítorí pé ìdajì eré àwọn ọmọdé kì í sábà pé ìṣẹ́jú 45. Láti ìgbà náà lọ, lẹ́tà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó. Èmi a máa fi G dúró fún gólì, P fún pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, K fún káàdì, N fún pẹnáritì, màá sì kọ ìṣẹ́jú sí iwájú rẹ̀ àti orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gólì, mo máa ń fi orúkọ ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù kún un, nítorí pé orúkọ ẹni yẹn ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń gbàgbé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le gan-an ni yíya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rò. “Rẹfirí ṣe ojúsàájú” kì í ṣe ohun tí ènìyàn rí. “Ìṣẹ́jú 63, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ẹni wọn nínú àpótí pẹnáritì, rẹfirí wà ní àárín pápá, kò fọn fèrè” ni ohun tí ènìyàn rí. Ẹni tó bá ka gbólóhùn kejì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò lè dá ẹjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka èkíní kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀ àyàfi ìbínú ẹni tó kọ ọ́. Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí pẹ̀lú. Ẹni tó wà lẹ́yìn gólì lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù kọjá sápá kan òpó, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí ọ̀fúsáìdì, ìyẹn bí agbábọ́ọ̀lù bá ti ṣáájú bọ́ọ̀lù àti àwọn ẹ̀yìn ẹgbẹ́ kejì lọ sí ẹnu gólì wọn, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ ròkè tó. Nígbà kan, gólì kan tí wọ́n fagi lé nítorí ọ̀fúsáìdì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa alátìlẹyìn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìgbà tí a wá béèrè ibi tí oníkálukú dúró sí ni a rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó wà ní ọ̀gangan ìlà ọ̀fúsáìdì náà.

Òfin bọ́ọ̀lù kò ju 17 lọ, mẹ́ta ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn wa. Òfin Kẹwàá sọ pé gbogbo ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo ìlà kí ó tó di gólì. Èyí tó bá gorí ìlà dúró kò wọlé. Òfin Kọkànlá ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀fúsáìdì, ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ ẹni gbá bọ́ọ̀lù náà ni a sì ń wo ipò ẹni, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sì sí ọ̀fúsáìdì bí bọ́ọ̀lù bá wá tààrà láti kọ́nà, láti inú jíjù wọlé, tàbí láti ẹnu gólì nígbà tí aṣọ́lé bá ń gbá a padà sínú eré. Òfin Kejìlá wà fún ìwà àìtọ́ àti fífi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó gbé ìwé yín lọ sí pápá.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dublin ló jẹ́ kí n rí bí ó ti yẹ kí a ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Gaelic football, ẹgbẹ́ tó sì ń darí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Thurles ní 1884. Ẹni 15 ló ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a kì í san owó iṣẹ́ fún wọn, àdúgbò tí ènìyàn ti wá ló sì sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n, àmì mẹ́ta ni. Bí ó bá gba orí igi kọjá láàárín òpó méjì, àmì kan ni, àfi pé láti 2025, èyí tí wọ́n bá gbá láti ẹ̀yìn ìlà 40 mítà ti di àmì méjì. Wọ́n máa ń kọ gólì àti àmì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 2-10 túmọ̀ sí gólì méjì àti àmì mẹ́wàá, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16, nítorí náà ẹgbẹ́ tó ní 1-14 ti fi àmì kan borí. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìwé ìròyìn àdúgbò wọn máa ń tẹ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ méjèèjì àti iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbá wọlé, àní fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ abúlé méjì.

Ìjíròrò ló kàn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà pápá, níbi tí ìyá ọmọ tó pàdánù pẹnáritì ti lè máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kó di alẹ́ tàbí ọjọ́ kejì, kí ẹnì kan ka àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹlòmíràn tó lanu, kí ẹni tó bá sì rí nǹkan mìíràn sọ ọ́ kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èkíní, láìpa èkíní rẹ́. Bí ọ̀dọ́ ló mú ìwé dání, tí àgbà sì sọ ohun tó yàtọ̀, kò gbọdọ̀ fi ìwé náà na àgbà lójú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìṣẹ́jú 70 ni mo kọ síbí, bóyá ibi tí ẹ dúró sí dára ju tèmi lọ,” yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹ̀ síwájú. Orúkọ ọmọdé kì í wọ inú ẹ̀bi: a lè sọ pé ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀ ní ọwọ́ òsì, kò yẹ kí a sọ pé ọmọ lágbájá ló pa wá. Ẹ̀sùn rìbá pàápàá kò ní ibùjókòó níbẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìlànà kan náà ni fún Ikorodu City, tó wọ líìgì àgbà ní sáà 2024/2025, tó sì ń gba àlejò ní pápá Mobolaji Johnson ní Onikan. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì náà, nítorí náà eré ilé jẹ́ 19 nínú 38, ìwé kan sì ti tó fún sáà kan. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT dé TBS (Tafawa Balewa Square), kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, kò jìn.

Lẹ́yìn ìjíròrò kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín, kí ẹ sì fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹ̀dà kan. Ní ìparí sáà, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ìwé ìkẹyìn, pẹ̀lú iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹni kọ̀ọ̀kan kópa nínú rẹ̀, títí kan ẹni tó wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.