Bí O Ṣe Lè Ka Orúkọ Gaelic Lórí Máàpù Skọ́tláǹdì

Gaelic jẹ́ èdè ìbílẹ̀ kan ní Skọ́tláǹdì. Bó o bá rí orúkọ Gaelic lórí máàpù, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni kó o kọ́kọ́ wò. Beinn ni òkè gíga, gleann ni àfonífojì, allt ni odò kékeré. Inbhir ni èmi fẹ́ràn jù: ẹnu odò ni. Inbhir Nis ni orúkọ ìlú Inverness, nítorí ibẹ̀ ni odò Ness ti ń wọnú òkun. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú yẹn, bíi ti Yorùbá wa gan-an: mòr ni ńlá, beag ni kékeré, dubh ni dúdú. Bó o bá ń rìn láàárín òkè, tí ẹsẹ̀ sì ti ń ro ọ́, wá bealach: ibẹ̀ lo ti lè la àárín òkè kọjá.