Bí gángan ò ṣe sú mi mọ́

Ẹ̀yin tí gángan kíkọ́ ti ń sú, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ rèé. Mo yọ ìlù kúrò nínú báàgì, mo fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́ ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù ú, tí n bá ti ń kọjá ọwọ́ mi á kàn án. Àmọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni pé oríkì màmá mi ni mo wá ń fi kọ́ ọ, gbólóhùn kan lójúmọ́, màá kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́, màá wá fún ọṣán, ìyẹn àwọn okùn awọ ara ìlù, mọ́ ìhà kí ohùn òkè jáde, màá dẹwọ́ fún ti ìsàlẹ̀, ohùn àárín ló le jù o, torí díẹ̀ báyìí lèèyàn máa fún un. Lọ́jọ́ tí màmá gbọ́ ọ láti kíṣìnnì tí wọ́n dá ìlù lóhùn, háà, inú mi dùn gan-an! Tápá bá ti ń ro mí, mo máa ń sinmi.