Bí A Ṣe Ń Pa Spọ́ọ̀tì Káà Tó Ti Pẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Spọ́ọ̀tì káà tó ti tó ogún ọdún, irú Toyota Celica tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọdún 2006, kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ilẹ̀, sípíríìnì rẹ̀ sì le, nítorí náà kò sí gálọ́ọ̀pù tí táyà rẹ̀ yóò bọ́ sí tí gbogbo ara rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní Òṣogbo kọ́kọ́ gbà ni pé kí ó má ra ohunkóhun títí yóò fi mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Èmi fúnra mi ti pààrọ̀ línkéèjì (irin kékeré abẹ́ ọkọ̀) iwájú méjèèjì rí, kí n tó rí i pé jáàkì tó tú nínú búùtù ló ń dún.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ jáde, títí kan jáàkì, sípánà táyà àti owó wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀kùn. Ẹ wá ẹni tí yóò máa wakọ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa rédíò àti éésì, kí ẹ sì jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, kí èrò tó pọ̀ ní Ọláìyá àti Òkè-Fìà. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọra lọ, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ dáṣíbọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn ìjókòó níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ tí ariwo fi dákẹ́, ẹ fi ẹfun sàmì sí i.

Ariwo abẹ́ ọkọ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ gun sípíìdì bréékà kan tààrà kí táyà iwájú méjèèjì jọ gùn ún, lẹ́yìn náà kí ẹ padà wá gùn ún ní ìdagun kí táyà kan ṣáájú èkejì. Bí ó bá ń dún kọ́ kọ́ kọ́ nígbà tí táyà kan gùn ún, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ nígbà tí méjèèjì jọ gùn ún, línkéèjì tàbí bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà tó ń gba irin mọ́ra) stabilizer ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé stabilizer, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, kì í lọ́ nígbà tí méjèèjì bá jọ gbéra. Bí ó bá ń dún lọ́nà méjèèjì, ẹ yẹ orí ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú) wò. Bí ó bá sì dákẹ́ ní kété tí ẹ fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí páàdì ti tú ní ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sítíárì bá tún ń mì lọ́wọ́ yín, ẹ má wakọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà, nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé irin tó di táyà mú, lè yọ lórí eré.

Bí ó bá di pé kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù, ẹ dúró tì wọ́n. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè, rọ́bà inú rẹ̀ yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sórí ilẹ̀, yóò sì tètè ya. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ dè é, kí wọ́n jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ bọ́ sórí táyà, kí wọ́n tó fún un pa.

Èyí tó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dáàbò bo ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru páìpù sàlẹ́ńsà. Ìpẹtà ló ti jẹ ihò bóòtù rẹ̀ fẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ fi wọ́ṣà fífẹ̀ sí i, kí ẹ tún un dè.

Níbi tí pilásítíìkì méjì ti ń ha ara wọn, ẹ lẹ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àárín wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi gíríìsì sílíkónì ra á. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lè mú rọ́bà wú kí ó sì bàjẹ́. Ní ti ilẹ̀kùn búùtù, ẹ wo rọ́bà kéékèèké tó wà ní igun rẹ̀: bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yí, ẹ máa fi ọwọ́ yí i jáde díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀kùn náà kò fi ní mì mọ́ tí ẹ bá tì í.